Ta Ló Fún Wọn Ní Nọ́ńbà Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Iléṣà, mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. N kò yáwó lórí fóònù rí láyé mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ibi tí mo ti ń gé aṣọ ẹbí ni nǹkan ti wọlé sórí WhatsApp mi. Fọ́tò ìyàwó àbúrò mi ni, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ‘OLÈ’ sí i láyà. Wọ́n ní ó jẹ àwọn lówó, pé èmi ni mo dúró fún un, pé bí kò bá san án kó tó di aago mẹ́rin, àwọn á fi ọlọ́pàá kó àwa méjèèjì. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé wọ́n pè mí ní ‘Àǹtí Mi Télọ̀’. Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi? Ṣé wọ́n lè wọnú àkáǹtì mi ní báńkì? Ṣé kí n ju síìmù yìí nù ni? Ọmọ mi ní kí n yáa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n gbàgbé ẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì kú ìpayà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀. Nọ́ńbà fóònù lásán kò tó kí wọ́n fi wọnú àkáǹtì yín. Ẹ kò sì jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ síwèé, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yáwó, kò lè di onídùúró nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù ẹlòmíràn. Ti ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Ọ̀rọ̀ gbèsè, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó ń bọ̀ ní aago mẹ́rin.

Ta ló wá fún wọn ní nọ́ńbà yín? Ìdáhùn yẹn wà nínú ohun tí ẹ kọ sí mi. Ta ló ń pè yín ní ‘Àǹtí Mi Télọ̀’? Báńkì kò mọ̀ yín bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín kò mọ̀ yín bẹ́ẹ̀, àwọn NIMC tó fún yín ní NIN kò mọ̀ yín bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìyàwó yín fi tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù tirẹ̀ nìyẹn. Inú fóònù rẹ̀ ni wọ́n ti kó yín, bí ẹ ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó mọ̀ láyé. Ẹ má tíì bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kó máà mọ̀ títí di òní pé òun fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn fún ọdún pípẹ́ kó tó di pé mo ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo àṣírí oníbàárà wọn. Lọ́dún 2021, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ló fẹ́ yá, ó sì ní áàpù ayánilówó kan tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí fóònù ń há. A jọ jókòó tì í. Kí áàpù yẹn tó béèrè iye owó tó fẹ́, ohun tó ti béèrè ni pé kó jẹ́ kí òun wo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, kí òun ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, kí òun mọ ibi tó wà, kí òun lo kámẹ́rà rẹ̀, kí òun wo fọ́tò rẹ̀. Ìlà kan péré ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ‘Allow’ ń dán yanran nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Mo ní kó dúró ná, kó kọ ẹyọ kan wò. Ó kọ ti nọ́ńbà. Áàpù náà tì pa, ó ní òun kò lè tẹ̀síwájú. Ó wo ojú mi. Ọmọ wà ní ọsibítù. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nìyí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń ka álẹ́ẹ̀tì báńkì: iye tó wọlé, iye tó jáde, ọjọ́ tí owó oṣù máa ń dé. Fọ́tò àti kámẹ́rà ni wọ́n ti rí ojú tí wọ́n kọ ‘OLÈ’ sí. Nọ́ńbà ẹbí àti ọ̀rẹ́ sì ni ìdógò. Ilẹ̀ kò sí, ìwé kò sí, onídùúró kò sí. Ìtìjú ajigbèsè ni wọ́n gbà dípò wọn. Bí ènìyàn bá ti tẹ ‘Allow’, kò tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo orúkọ yẹn á fi balẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Bó bá yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lọ́la, áàpù ló yọ. Ohun tí wọ́n ti kó lọ kò padà wá.

Kí ọmọkùnrin yẹn tó lọ, mo ní kó jẹ́ kí a jọ wo àwọn orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọrẹ. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ẹ mọ bí a ṣe ń fi orúkọ pamọ́ sórí fóònù nílẹ̀ yìí. A kì í kọ orúkọ àti orúkọ bàbá bí òyìnbó. Ohun tí a fi mọ ènìyàn la ń kọ. Ó kọ ‘Màmá Àtọ̀gbẹ’, obìnrin tí wọ́n jọ máa ń pàdé nígbà tó bá gbé ìyá rẹ̀ lọ gba oògùn. Ó kọ ‘Sístà Tó Ń Wọ́mọ’, ọmọ ìjọ wọn kan. Ó kọ ‘Lánlọ́ọ̀dù Má Gbé E’. Ó kọ ‘Alfa Àdúrà Ẹjọ́’. Àìsàn ẹni kan, ẹkún ẹlòmíràn, gbèsè òun fúnra rẹ̀, ẹjọ́ tí kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì wà níwájú rẹ̀. Sístà tó ń wọ́mọ yẹn kò tẹ ‘Allow’ kankan. Kò mọ̀ títí di àkókò yìí pé ohun tó ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ ní kọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí ọ̀rọ̀ àṣírí orí fóònù ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ: yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ padà, ti ilẹ̀kùn rẹ. Ẹ̀yin ti ilẹ̀kùn yín. Ẹ kò yáwó, ẹ kò tẹ nǹkan kan, wọ́n sì tún wọlé bá yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Àṣírí yín kò sí lọ́wọ́ yín nìkan. Ó wà nínú fóònù gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà yín, tiwọn náà sì wà nínú tiyín.

Ẹ̀yin ará Iléṣà mọ Òṣómàáló ju èmi lọ. Láyé ìjọba òyìnbó, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ṣáájú wọn pàápàá, àwọn tó ń dógò ti ènìyàn wà, wọn á wọlé ajigbèsè, wọn á máa pa á ládìẹ, wọn á máa pariwo, títí ẹbí á fi dá owó náà. Nítorí náà kì í ṣe òní la ti ń fi ìtìjú gba owó. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló ní ojú, ó ní orúkọ, ẹnu ọ̀nà kan ló lóṣòó sí. Bàbá àgbà lè jáde wá bẹ̀ ẹ́, kó bomi mu, kó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹni tó kọ̀wé sí yín kò ní ojú. Ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ̀ta ló lóṣòó sí lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sì lè wà nínú fóònù àwọn ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san gbèsè náà tán.

Ìjọba gbìyànjú díẹ̀ lórí ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tó ń jẹ́ Soko Lending, torí wọ́n ń kọ̀wé gbèsè oníbàárà sí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. N kò sọ pé àwọn ló kọ̀wé sí yín o. Orúkọ tó wà lórí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ni kí ẹ wò. Lọ́dún 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Google náà ṣòfin pé láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, áàpù ayánilówó tó bá wà lórí Play Store kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà inú fóònù tàbí fọ́tò mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu Òfin Ààbò Dátà, tó gbé àjọ NDPC dúró láti máa mójú tó òfin náà.

Ọ̀rọ̀ ‘dátà’ yìí máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Bí a bá ti gbọ́ dátà, èyí tí a ń rà láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí òfin ń sọ yàtọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá lè fi mọ̀ pé ẹ̀yin nìyí ni: orúkọ, nọ́ńbà, ojú, ibi tí ẹ wà, àìsàn yín, ẹ̀sìn yín. Ẹ̀yin ni òfin kà sí ẹni tó ni í. Ìyàwó yín lè yọ̀ǹda tirẹ̀. Kò lè bá yín yọ̀ǹda tiyín. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá, ní abala 37, ti sọ pé àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀ jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní lọ́wọ́ nípa yín, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì tún ń ṣe é? Àwọn kan ti kó nọ́ńbà jọ kí òfin tó dé, ẹni tó bá sì ti ní i lọ́wọ́ lè máa lò ó lọ. Àwọn mìíràn sá kúrò lórí Play Store, wọ́n ń fi lìǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí Facebook: tẹ ibí, kí o gba owó ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Áàpù tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé báyìí, Google kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù irú èyí ló ń bà mí jù. Ẹni tí wọ́n ti kọ̀ ní báńkì, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ṣàìsàn, kò ní dúró béèrè ibi tí áàpù ti wá. Owó ọjọ́ méje ni òmíràn nínú wọn, kí ẹni tó yá a tó yíjú ọjọ́ ti pé.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn jàǹdùkú nìkan ló ń kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Àwọn tó tóbi ń ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC ní kí Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, san 220 mílíọ̀nù dọ́là, torí ó ń lo ọ̀rọ̀ ara ẹni àwọn ọmọ Nàìjíríà láìjẹ́ kí wọ́n ní àyè láti kọ̀, ó sì ń ṣe tiwa yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Meta pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn; ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní kó san án. Ohun tí ẹ kọ sí ènìyàn lórí WhatsApp, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀ láti ọdún 2016, wọn kò lè kà á. Ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí àti ìgbà tí ẹ kọ ọ́, èyí kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nílé níbí náà ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ké gbàjarè pé àwọn kan ń ta NIN àti BVN àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rùn-ún náírà ẹyọ kan. NIMC ní kò sẹ́ni tó fọ́ àká òun. Bó ti wù kó jẹ́, ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń ta ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ya fọ́tò ìwé NIN yín fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi wá, àfi bí ẹ bá mọ ibi tó ń lọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ó kan ohun tí ẹ máa ṣe báyìí. Ẹ má ju síìmù nù. Mo bẹ̀ yín. Nọ́ńbà yẹn ni báńkì mọ̀ yín mọ́, òun ni wọ́n so mọ́ NIN yín. Bí ẹ bá pa á tì, ilé-iṣẹ́ tó ni ín á tà á fún ẹlòmíràn lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ẹni yẹn á sì máa gba nọ́ńbà àṣírí tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí yín. Ìyẹn gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n fi lè débi owó yín, kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín ní kí ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ọmọ rere ni, ó fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣe é. Ẹ̀rí ni. Ẹ ní kó bá yín ya àwòrán ojú fóònù náà, kí nọ́ńbà tó kọ̀wé, ọjọ́ àti aago hàn, kí orúkọ áàpù tàbí ilé-iṣẹ́ náà hàn bó bá wà níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC àti NDPC lórí ìkànnì wọn. Àwọn méjèèjì ló ń gba ẹ̀sùn láìgba owó. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí: èmi kọ́ ni mo yáwó, n kò dúró fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gba nọ́ńbà mi láìgba ìyọ̀ǹda mi, mo fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Kí ẹ tó ṣe é tán, ẹ má fèsì fún wọn, ẹ má tẹ lìǹkì kankan, ẹ má san kọ́bọ̀ ‘kí ọ̀rọ̀ lè tán’. Ẹni tó bá san owó tí kò jẹ ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀sùn náà, ẹ dènà nọ́ńbà wọn. Wọ́n lè fi òmíràn pè. Ẹ dènà ìyẹn náà.

Ẹ wá gbé fóònù tiyín. Bó bá jẹ́ Android, ẹ wọ ‘Settings’, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ‘Privacy’ sí, lẹ́yìn náà ‘Permission manager’, kí ẹ tẹ ‘Contacts’. Gbogbo áàpù tó ní àyè sí nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín á tò síbẹ̀. WhatsApp á wà níbẹ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè bá tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ẹ lè bá géèmù tí ọmọ-ọmọ yín gbé sí i. Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà ẹbí yín ṣe? Ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ ṣe bákan náà sí ‘SMS’ àti ‘Location’. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, n kò sì tíì jókòó ti fóònù ẹnikẹ́ni ṣe é kí ẹnu má yà á.

Lórí WhatsApp, ẹ tan ìdánilójú onígbésẹ̀ méjì, èyí tí wọ́n kọ ‘Two-step verification’ sí. Píìnì oníka mẹ́fà ni, ẹ̀yin ni ẹ ó yàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ìbáà ṣe ohùn ẹni tí ẹ mọ̀, pé nọ́ńbà kan ṣèèṣì wọ fóònù yín, pé kí ẹ kà á fún òun, ẹ má kà á. Ilẹ̀kùn ilé yín ni wọ́n ń béèrè. Bí wọ́n bá gba WhatsApp yín, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà yín ni wọ́n ń lọ tààrà, ẹ̀yin ni wọ́n á sì fi tọrọ owó.

Àwọn oníbàárà yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ń tọ́jú àṣírí ènìyàn. Ìwọ̀n àyà àti ìdí obìnrin mélòó ló wà nínú ìwé yín? Ta ni ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó lóyún, nígbà tó ní kí ẹ tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ òun? Fọ́tò mélòó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín nínú yàrá wọn, kí ẹ lè rí bí búbà ṣe jókòó lára wọn? Bí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ tí ẹ rán sí status, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni í, tàbí kí ẹ gbé aṣọ náà kọ́ kí ẹ tó yà á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ máa lo fóònù ìṣòwò yín wo oríṣiríṣi nǹkan. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe fi orúkọ wọn pamọ́. ‘Ìyá Ìbejì Ìjókà’ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ‘Ẹni Tọ́kọ Ẹ̀ Lé Jáde’, ẹ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lásán. Èmi náà ṣe é. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi tún gbogbo orúkọ inú fóònù mi kọ lẹ́yìn ọjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ojú sì tì mí sí àwọn kan tí mo bá níbẹ̀.

Ó ku ìyàwó yín. Ó ṣeé ṣe kó ti pa fóònù, kó má fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ rẹ̀. Ohun tí àwọn yẹn ń fẹ́ nìyẹn: kó dá wà, kí ẹ̀rù bà á, kó lọ yá owó lórí áàpù mìíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹni tó jẹ áàpù mẹ́sàn-án báyìí, láti orí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré. Ẹ má kọ̀wé sí i, ẹ pè é. Bí kò bá gbé e, ẹ lọ sílé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó fi owó ṣe. Ẹ jọ wo bóyá orúkọ áàpù náà wà lára àwọn tí FCCPC fọwọ́ sí, ó wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ jọ ṣírò iye tó gbà gan-an àti iye tó ti san padà. Bí owó bá kù, àkáǹtì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kó san án sí, kì í ṣe ti ẹni tó ń bú u lórí fóònù, kó sì tọ́jú ẹ̀rí sísan. Kó fi ẹ̀sùn tirẹ̀ kún tiyín. Ẹni tó jẹ gbèsè náà ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má fi ojú rẹ̀ ṣe báyìí.

Kí ẹ tó pa fọ́tò yẹn rẹ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti rí i, pé ẹ mọ̀ pé òun kì í ṣe olè, kí ó lè dá a lójú pé kò sí ohun tí wọ́n tún lè gbé wá sọ́dọ̀ yín mọ́ láti fi dẹ́rù bà á.